Kọ̀ǹpútà Ní Òun Kò Mọ Ẹni Tó Ṣe É

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkùnrin tí gbogbo mọ̀lẹ́bí ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mẹ́ta lórí tábìlì kan ṣoṣo, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Kì í ṣe pé ó kàwé débi tí wọ́n ń pe ènìyàn ní ọ̀jọ̀gbọ́n o. Láti kékeré ló ti máa ń tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀, tí yóò sì tún un tò padà tí ohùn rẹ̀ á tún mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì máa ń dùn mọ́ ọn nínú.

Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ètò kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tó pè ní Ìwé Abiyamọ. Àwọn ilé ìgbẹ̀bí kéékèèké ló ń lò ó láti fi kọ ọ̀rọ̀ àwọn aláboyún sílẹ̀: oṣù inú wọn, irú ẹ̀jẹ̀ wọn, àìsàn tó ti ṣe wọ́n rí, oògùn tí ara wọn kò gbà. Ilé ìgbẹ̀bí méjìdínlógójì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní irú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì, àwọn kan ní ti olówó tó fẹ́lẹ́ bí àwo, àwọn mìíràn sì ń lo ògbólógbòó tí ilé ìwé ti kọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n fi ètò ọ̀fẹ́ sọ jí. Ohun tí ọ̀kan ń jẹ, èkejì kì í fẹnu kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ètò rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta ló ní láti gbà dì í, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tó lè gbà á wọlé. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ṣe iṣẹ́ dídì yìí kó tó gún régé.

Ohun méjì ló ṣẹ́ kù tí kò ṣe. Àkọ́kọ́, kò ní ibì kan pàtó tí ènìyàn ti lè gba ètò náà. Ó kàn ń jù ú sínú agbo àwọn agbẹ̀bí lórí fóònù ni, ẹni tó bá rí i á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Èkejì, kò lu òǹtẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ yìí kò le púpọ̀. Ẹni tó bá ṣe ètò kọ̀ǹpútà lè lọ bá ilé iṣẹ́ tí ayé fọkàn tán, kó fi ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn wọ́n, kí wọ́n wádìí rẹ̀ dájú, kí wọ́n sì fún un ní òǹtẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè ní irú rẹ̀. Bó bá ti lù ú sára ẹrù tó dì, kọ̀ǹpútà tó bá gba ẹrù náà á mọ ọwọ́ tó ti wá, á sì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti tú u lójú ọ̀nà. Èyí tí kò bá ní òǹtẹ̀, kọ̀ǹpútà á pariwo lójú pé òun kò mọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá òǹtẹ̀ náà nígbà kan. Wọ́n ní kó mú ìwé báyìí wá, ó mú un wá. Wọ́n tún ní kó mú ìwé báyẹn wá. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ta ló tiẹ̀ ń wo òǹtẹ̀?" Ó wá ṣe fídíò kékeré kan, níbi tó ti ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí bí wọ́n ṣe máa pa ẹ̀ṣọ́ inú kọ̀ǹpútà lẹ́nu mọ́.

"Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń pariwo," ó sọ bẹ́ẹ̀ nínú fídíò náà, ó ń rẹ́rìn-ín, "ẹ má dá a lóhùn. Ṣé òun ló ni yín ni àbí ẹ̀yin lẹ ni ín? Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ!"

Gbogbo ènìyàn ló rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn bàbá arúgbó tó ń ṣe akọ̀wé ní ilé ìgbẹ̀bí ẹ̀gbọ́n obìnrin Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá Akọ̀wé ti fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, kì í gba lẹ́tà tí kò bá rí ẹni tó buwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wá fi ètò náà sórí kọ̀ǹpútà wọn, bàbá sún mọ́ ojú ẹ̀rọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ọmọ mi, ó ní òun ò mọ ẹni tó ṣe é."

"Bàbá, èmi tí mo ṣe é rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

"Mo mọ̀ ọ́. Òun ni kò mọ̀ ọ́. Bí ẹlòmíràn bá wá gbé orúkọ rẹ wọ̀ lọ́la ńkọ́?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ló ń bà yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ, kì í gé ènìyàn jẹ." Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí wọ́n má bàa sọ pé òun ò mọ eré, ó sì tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó palẹ̀ àwọn káàdì bébà tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ aláboyún sí tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí ayé ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n dì wọ́n ní páálí, wọ́n gbé wọn sí àjà.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń sọ yìí, fóònù dún ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìgbẹ̀bí tó jìnnà ló pè.

"Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o. Láti ìgbà tí a ti fi ẹ̀dà tuntun yẹn sórí kọ̀ǹpútà, kò sí orúkọ aláboyún kankan tó ṣí mọ́. Lẹ́tà pupa ló bo ojú rẹ̀, ó ní ká sanwó ká tó rí ìwé wa."

"Ẹ̀dà tuntun wo?"

"Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú náà ni."

Orin kú lẹ́nu Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Màmá, mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú."

"Háà! Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀ o. Àwọ̀ kan náà, àwòrán kan náà. Kọ̀ǹpútà pariwo díẹ̀, a sì ṣe bí ẹ ṣe kọ́ wa. A tẹ̀ ẹ́ lọ."

Ó ní kó fi ẹrù náà ránṣẹ́ sí òun. Ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí kò so mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tú u wò. Ẹnì kan ti mú Ìwé Abiyamọ, ó ti tú u, ó ti fi olè sínú rẹ̀, ó sì ti tún un dì bí ẹni pé ọwọ́ kankan kò kàn án. Olè náà kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó máa sùn sínú kọ̀ǹpútà fún wákàtí bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ló máa ti gbogbo àkọsílẹ̀ pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí ẹlòmíràn ò ní. Ẹ̀dà ìpamọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi sínú ètò náà kò ṣàǹfààní, torí inú kọ̀ǹpútà kan náà ló fi í sí. Kò sí ohun tó ya ayédèrú náà sọ́tọ̀ kúrò lára ojúlówó: kọ̀ǹpútà ò mọ ẹni tó ṣe ọ̀kan, kò sì mọ ẹni tó ṣe èkejì.

Ìyàwó rẹ̀, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti ibi iṣẹ́ dé ní aago méjì, ó sì bá a níbi tó káwọ́ lérí. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ kọ̀wé sí gbogbo wọn báyìí," obìnrin náà sọ. Kò tíì bọ́ bàtà.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ibi tó dé dúró."

"Kí lẹ tún fẹ́ mọ̀?"

"Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa pàdé àjọ àwọn ilé ìwòsàn. Ọdún méjì ni mo fi lé wọn kiri kí wọ́n lè gba ètò mi. Bí wọ́n bá gbọ́ pé olè wọ inú ètò mi, ṣé wọ́n á tún dá mi lóhùn? Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Bí mo bá ti jáde níbẹ̀, màá sọ fún gbogbo ayé."

"Bàbá ọmọ mi, bí iná bá ń jó ilé aládùúgbò, ṣé ẹ máa kọ́kọ́ wẹ̀, kí ẹ tó kígbe?"

"Má fi ohùn tíṣà bá mi sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà wò ó títí, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ.

Ní Ọjọ́rú, ilé ìgbẹ̀bí méjì mìíràn pè é. Ó sọ fún wọn pé, "Mo ń tún un ṣe, ẹ jẹ́ kó wà láàárín wa." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. Ó gbé fóònù, ó wá nọ́ńbà rẹ̀ jáde. Kí ló máa wí? Obìnrin yìí ló sanwó ilé ìwé rẹ̀. Kò sí ọjọ́ ìsinmi kan tí kì í sọ fún àwọn tó bá jókòó tì í pé, "Ẹ rí àbúrò mi yìí? Ìka ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló fi ń gba ẹ̀mí là." Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun kì í tètè gba nǹkan tuntun, kò ní fi ẹ̀dà kankan sórí kọ̀ǹpútà títí òun yóò fi dé ibẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ìtìjú ló gbé e sílẹ̀ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó wọ aṣọ tó dára jù lọ, ó sì pa fóònù nítorí àwọn tó ń pè láti ilé ìgbẹ̀bí. Ìpàdé náà dùn. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Irú yín là ń wá." Ó jáde sí òòrùn ọ̀sán, ó ṣí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pè láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án ààbọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo tó bá níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló kọ ọ́: "Ẹ máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀gbọ́n yín wà níbẹ̀."

Ó bá a nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó ń rùn bí oògùn ìfọlẹ̀. Epúróònù iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà létí epúróònù náà. Lórí bẹ́ǹṣì tó wà lápá ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ọkùnrin kan jókòó tí lẹ́búlẹ́bú pákó wà ní apá àti irun orí rẹ̀. Kápẹ́ńtà ni. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ni wọ́n gbé wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Bàbá Akọ̀wé rí ẹ̀dà tuntun lórí fóònù lánàá, ó fi í sórí kọ̀ǹpútà," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó tẹ́jú, bí ẹni tó ń ka ìwé. "Láàárọ̀ yìí, obìnrin náà nìkan ló dá wá. Omi rẹ̀ ti dà láti àná, dandan ni ká gún un ní abẹ́rẹ́ kí kòkòrò má bàa wọ ọmọ lára. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ ò gbà. Ìrọbí ò jẹ́ kó gbọ́, ó kàn ń mi orí. Mo ní kí wọ́n wo ìwé rẹ̀. Lẹ́tà pupa. Mo pè ọ́. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo fóònù tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rù àkókò bà mí, mo ní kí wọ́n gún un. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ètè rẹ̀ wú, tí ọ̀fun rẹ̀ dí. Mo fún un ní oògùn tó yẹ, ó padà mí, a gbé e wá síbí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìyá wà láàyè. Ọmọ ti lọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú wo kápẹ́ńtà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé olè wà nínú nǹkan yìí?"

Irọ́ tó ti ṣètò nínú ọkọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé àárọ̀ yìí ni òun gbọ́. Ó wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ tó ti gba àìmọye ọmọ.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ló sọ.

Obìnrin náà ò pariwo. Ó na ìka rẹ̀, ó ń kà á bí ọmọdé tó ń kọ́ ìṣirò. "Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá fi sórí kọ̀ǹpútà." Ó ká ìka rẹ̀ pa. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gún un, ó wà lọ́rùn mi, mi ò ní sá. Ìwé bébà tí mo gbé sí àjà, ó wà lọ́rùn mi. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn, tìẹ ni. Ọkọ rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Lọ bá a. Má sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ni o."

Ìṣísẹ̀ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà láàárín wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò tíì rin ìrìn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó dé iwájú kápẹ́ńtà náà, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìpàdé lọ́rùn, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti òǹtẹ̀ tí kò gbà, ó sọ ti fídíò tó fi kọ́ wọn, ó sì sọ ti ọjọ́ mẹ́ta tó fi panu mọ́.

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. "Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kápẹ́ńtà náà gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò ní orúnkún rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lójú mi," ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ omi.

Bí ó ti yíjú padà ló rí Bàbá Akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ti bọ́ fìlà, ó dì í mú láyà. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ké sí i, bàbá náà ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Èmi ni o. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Ó pariwo, mo rí i, àyà mi kọ́kọ́ já. Mo wá rántí pé o ní ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ló ń bà mí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n sáré dì í mú, òun ló nà gbalaja sórí simẹ́ǹtì tútù, níṣojú àwọn aláìsàn àti àwọn tó wá kí wọn. "Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin. Ojú yín rí òótọ́, èmi ni mo fi yín ṣẹ̀fẹ̀ títí ẹ fi dijú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Bí ilẹ̀ bá lanu lákòókò náà, ì bá wọlé láì bojú wẹ̀yìn.

Ibẹ̀ náà ló ti fara ti ògiri, tó kọ ohun tó yẹ kó ti kọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó kọ pé: "Èmi tí mo ṣe Ìwé Abiyamọ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀dà tó jáde lọ́jọ́ Àìkú kì í ṣe tèmi, olè wà nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ṣí i, ẹ pa á rẹ́. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kíákíá, ẹ má fi fíláàṣì kankan bọ̀ ọ́, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ sì pe ọlọ́pàá. Ẹ padà sí káàdì bébà lónìí yìí. Ẹ bi gbogbo aláboyún léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i nípa oògùn tí ara wọn ò gbà. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti mọ̀. Mo dákẹ́. Ẹ̀bi mi ni." Ìka rẹ̀ kọ́kọ́ pa gbólóhùn mẹ́ta ìkẹyìn yẹn rẹ́. Ó tún wọn kọ, ó sì fi ránṣẹ́ sínú agbo àwọn agbẹ̀bí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, èsì ti dé. Ilé ìgbẹ̀bí mọ́kànlá ni olè náà ti ti ìwé wọn pa. Mẹ́fà mìíràn ti gba ẹrù náà sórí kọ̀ǹpútà, wọn ò tíì ṣí i. Ìgbà tí wọ́n ka ìwé rẹ̀ ni wọ́n pa á rẹ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́ àwọn mẹ́fà yẹn ló dùn ún jù. Ó jẹ́ kó mọ̀ pé ìwé kékeré kan tó, ká ní ó ti kọ ọ́ lásìkò.

Ní ọjọ́ Ajé, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, gba kọ̀ǹpútà kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo fídíò ẹ̀rín rẹ̀ látòkè délẹ̀ láì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ mọ ohun tó yà mí lẹ́nu?" ó bi í. "Olè ò já ilẹ̀kùn kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ onílé láti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá ti dárúkọ yín."

"Bí mo bá lu òǹtẹ̀, ṣé wọn ò ní lè ṣe ayédèrú?"

"Wọ́n lè ṣe é. Òǹtẹ̀ kì í sọ pé ètò dára o, kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tó ń sọ ò ju méjì lọ: ẹni tó di ẹrù yìí, àti pé kò sí ẹni tó tú u lẹ́yìn rẹ̀. Bí olè bá fọwọ́ kàn án, òǹtẹ̀ ti já nìyẹn, kọ̀ǹpútà á sì pariwo. Àmọ́ ariwo ò wúlò fún ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti di etí." Ó sún kọ̀ǹpútà náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Bí ẹ bá wá síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, à bá ti kéde lórí rédíò lálẹ́ ọjọ́ náà."

Wọn ò tíì mú ẹni tó ṣe ayédèrú náà títí di òní. Àjọ àwọn ilé ìwòsàn kọ lẹ́tà onílà mẹ́ta pé àwọn ò ṣe mọ́. Ìgbìmọ̀ àwọn agbẹ̀bí pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó jáwọ́ nínú iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Kò jiyàn. Wọ́n pe Ọ̀jọ̀gbọ́n náà sínú gbọ̀ngàn kan tí agbẹ̀bí tó lé ní igba jókòó sí, wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀. Ó mú ìwé dání, kò lè kà á. Ó kàn ń sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni. Nígbà tó dé ibi ọjọ́ mẹ́ta, obìnrin kan dìde ní ẹ̀yìn, ó kígbe pé, "Nítorí pé wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún ọ?" Ó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Obìnrin náà jókòó padà. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ó padà lọ gba òǹtẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi mú gbogbo ìwé tí wọ́n béèrè wá, kò sì sọ pé ó rẹ òun. Ó ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní ibẹ̀ nìkan ni kí ènìyàn ti máa gba ètò náà. Ó tún un ṣe kó lè máa fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ pamọ́ sórí dísíìkì mìíràn tí wọ́n á máa yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó pa fídíò àkọ́kọ́ rẹ́, ó ṣe òmíràn níbi tí kò ti rẹ́rìn-ín. Ilé ìgbẹ̀bí mọ́kàndínlógún ló padà sí bébà pátápátá. Kò bẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ó ku ibì kan tí kò tíì dé. Oṣù méjì kọjá kó tó rí ẹsẹ̀ gbé e. Aránṣọ náà ń gbé ní ilé kékeré kan tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí títì, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé. Ó ń ran ìgbátí aṣọ ilé ìwé kan nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé. Ó gbé ojú sókè, ó mọ̀ ọ́n láì tíì rí i rí.

"Ẹ jókòó," ó sọ. Ohùn rẹ̀ há láti ìgbà tí wọ́n ti fi rọ́bà sí i lọ́fun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó.

"Mo sọ fún wọn," obìnrin náà sọ, ó ń wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibẹ̀, mo sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ní kékeré. Bàbá arúgbó yẹn kọ ọ́ níṣojú mi, ó kà á sí mi létí. Mo wá gbàgbé rẹ̀. Mo rò pé tí wọ́n bá ti kọ nǹkan sílẹ̀ báyẹn, ó ti wà nípamọ́."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Mò ń bínú." Ó sọ ọ́ láìgbóhùn sókè. "Kì í ṣe ti olè ló ń bí mi nínú jù. Mi ò mọ olè. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ó ń bọ̀." Ó tún aṣọ náà tò sábẹ́ abẹ́rẹ́. "Mi ò tíì lè dárí jì yín. Bí mo bá lè ṣe é lọ́jọ́ kan, màá ránṣẹ́ sí yín. Ẹ má tún wá títí dìgbà náà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Aránṣọ náà ò tíì ránṣẹ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kan wà nítòsí yín báyìí. Lọ́jọ́ tó bá sọ fún yín pé òun ò mọ ẹni tó ṣe nǹkan tí ẹ fẹ́ fi sórí òun, ẹ dúró. Ẹ má tìtorí pé ọ̀rẹ́ ló fi ránṣẹ́ kí ẹ gbà á. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é gan-an ni kí ẹ ti lọ gbà á, kí ẹ sì pè é lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ pa ẹ̀ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín kí ètò òun tó lè wọlé, ẹ sọ fún un pé kó lọ tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ohun tó bá jẹ mọ́ ẹ̀mí, ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, kódà kó jẹ́ lórí bébà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣe nǹkan fún àwọn ẹlòmíràn lò, ẹ buwọ́ lu iṣẹ́ yín kó tó jáde. Bí ẹ bá wá rí i pé ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó jẹun ọjọ́ náà. Ojú á tì yín, ẹlòmíràn á bú yín, iṣẹ́ lè bọ́. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan wà níbì kan tí kò tíì ṣí ẹrù náà.